Ojú Olójú Ni Mo Fi Ṣòwò

Magwinya kan ti di rándì mẹ́ta ààbọ̀ báyìí. Ẹni tí kò bá mọ magwinya, pọ́fùpọ́fù àwọn ará ibí ni, ṣùgbọ́n tiwọn tóbi tó ìkúùkù, kò sì dùn tó tiwa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàtẹ láàárín ìlú Johannesburg, rándì kan péré ni, ó sì máa ń gbé èèyàn dé ọ̀sán. Ọkùnrin tó ń dín in níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Themba lorúkọ ẹ̀, sọ fún mi pé òróró tó wọ́n ló gbé owó magwinya sókè. Mo ní kò burú, ṣé òróró náà ló jẹ́ kó máa kéré sí i ni? Ó ní, "Mama, kò kéré o. Ojú yín ló ń dàgbà." Ẹ bá mi fi Themba sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. A ó padà bá a.

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí wa ló pè mí pé kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn ọmọ tó ń múra àtiwọ yunifásítì. Dókítà sọ tiẹ̀, ẹnjiníà sọ tiẹ̀, oníṣirò owó kan náà sọ tiẹ̀, àwọn ọmọ ń tòògbé. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan nawọ́, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni mo kà ní yunifásítì. Mo ní, "Ọmọ mi, páìmárì fáìfù ni mo ti bọ́ọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà ò sì dúró dè mí." Gbogbo wọn jí. Àkókò tí wọ́n fún mi kò tó nǹkan, ni mo bá ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá lè ka Yorùbá, kó gbé e fún ìyá ẹ̀ kó kà á fún un. Ìyá náà á rí nǹkan ṣe.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ṣe. Fọ́tò ìwé ìrìnnà, fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fídíò ìgbéyàwó, títí dórí èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn ń rà. Lónìí, mídíà ni wọ́n ń pè é, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Èmi, òwò ni mo pè é. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Àwọn àgbà ò mọ kámẹ́rà. Ojú olójú gan-an ni mo fi ṣòwò láti ìgbà èwe mi títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sì jèrè, àyàfi lẹ́ẹ̀kan.

Ẹdẹ ni wọ́n ti bí mi. Bí mo ṣe dé ibí ò gùn: ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá, mo tẹ̀lé e, ó rí ibòmíì lọ, èmi rí ibí jókòó sí. Ìbọ̀sẹ̀ àti bẹ́líìtì ni mo ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó tákísí. Mo lẹ́nu. Tí mo bá ń pe oníbàárà, ẹni tó wọ sálúbàtà gan-an á yà wá wo ìbọ̀sẹ̀.

Lókè ibi tí mo pàtẹ sí, bàbá ará Ìsẹ́yìn kan ní yàrá fọ́tò níbẹ̀. Ọ̀gá Làmídì. Ó mọṣẹ́, kò lẹ́nu. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi.

"Ìwọ obìnrin yìí, ariwo ẹ ń dí mi lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ kan, màá dákẹ́."

"N ò ní kí o dákẹ́. Fọ́tò ni mo fẹ́ kí o máa pariwo ẹ̀."

Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Iye tó ń san fún mi kò yẹ nínú ìwé tí ọmọlúàbí máa kà, ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo ní kó kúkú kọ́ mi. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹnu ẹ yá ju ojú ẹ lọ, Sàídá. Tí mo bá kọ́ ẹ, ẹnu ni wàá máa fi yà á." Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi, bóyá nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ilé kan tó ti gbó ní àdúgbò Bertrams ló ń gbé, yàrá kan lọ́dọ̀ onílé, òun àti àwọn ayálégbé yòókù ni wọ́n sì jọ ń lo balùwẹ̀ kan. Balùwẹ̀ yẹn ni Ọ̀gá fi ṣe yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò. Ó ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, ó gbé gílóòbù pupa kọ́, ó to abọ́ mẹ́ta sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó na okùn tí à ń sá fọ́tò sí bí ẹni sá aṣọ. Ìyá kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ará Limpopo, ó máa ń fẹ́ wẹ̀ ní Sátidé kó tó lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀. Á gbá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá á dá a lóhùn láti inú òkùnkùn pé, "Mama, ẹ ní sùúrù, àwọn èèyàn wà níbí tí ojú wọn ò tíì jáde." Ìyá náà á pe Jésù, á sá padà sínú yàrá. Wọ́n ní ẹni tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Òótọ́ ni. Nínú balùwẹ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú kọ́kọ́rọ́ ti tó láti ba ìgbéyàwó ọmọ olówó jẹ́.

Fún bí ọdún kan, n ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mo gbé iná, mo di agbòòrùn funfun mú lórí àwọn ìyàwó títí apá mi fi kú, mo ṣa fíìmù, mo gbálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó ní ìyà lásán nìyẹn. Ìyà lásán ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di agbòòrùn mú lórí igba ìyàwó á mọ èyí tó fẹ́ rẹ́rìn-ín kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀.

Òfin Ọ̀gá ò pọ̀, ó kàn le ni. Ìkíní, a kì í ya ẹni tó ń jẹun. Ó ní kò sí arẹwà tó ń jẹran. Èkejì ni ti ẹ̀yìn fọ́tò. Kò sí fọ́tò tó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀: ta nìyí, kí ló ń ṣe. Ohun tí o bá mọ̀ nìkan ni wàá kọ. Tí o ò bá mọ̀, wàá lọ béèrè. "Àwòrán ò lẹ́nu," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń yá a ní tiẹ̀."

Mo rò pé àsọdùn àgbà ni, títí dìgbà tí a lọ ṣe ìgbéyàwó kan ní Roodepoort, nílé ẹnjiníà kan. Ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́. Mo rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi áńkáṣíìfù di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi ń dà lójú ẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Mo yà á. Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, fọ́tò náà dára débi pé èmi náà fẹ́ sunkún. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀: "Bàbá ìyàwó ń sunkún ayọ̀."

Ọ̀gá yí i padà, ó kà á.

"Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá ìyàwó ni?"

"Ọ̀gá, ẹ wo ojú ẹ̀ ná."

"Mo ti wò ó. Kò sí ibi tí wọ́n kọ bàbá ìyàwó sí níbẹ̀. Ta ló sọ pé ayọ̀ ni?"

"Ẹkún ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ló tún fẹ́ jẹ́?"

"Lọ béèrè."

"Ní Roodepoort? Ọ̀gá, tákísí méjì ni mo máa wọ̀ lálọ, méjì lábọ̀!"

"Tí o bá dé, wàá sọ fún mi bí ọ̀nà ṣe rí."

Mo lọ, mò ń ṣépè lábẹ́ ètè. Ẹnjiníà gba fọ́tò, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ìyàwó ẹ̀ jáde kóun náà wá wò ó. Bàbá tó wa ọkọ̀ àwọn alásè ni. Eyín ló ń dùn ún láti àárọ̀. Bàbá ìyàwó gan-an wà nínú fọ́tò míì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Mo padà dé, mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ òmíì: "Awakọ̀ àwọn alásè. Eyín ń dùn ún." Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Fọ́tò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dára." Èmi rí i pé ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹni tó jàre nínú àwa méjèèjì, n ò tíì mọ̀ dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò dé. Ẹ̀yin ọmọ ò lè mọ irú owó tí fídíò mú wọlé. Gbogbo ẹni tó wà ní ibí ló fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i pé òun wà. Wọ́n á ní kí n ya fíríìjì, kí n ṣí i, kí n ya ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọmọkùnrin kan, Ráṣídì, tó ń fọ ọkọ̀ fún alákòóso ilé epo kan, ní kí n wá ya òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò dúdú kan tó ń dán bí ikùn kòkòrò. Mo mọ̀ pé mọ́tò náà kì í ṣe tiẹ̀. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo bi Ọ̀gá pé kí ni ká kọ sí ẹ̀yìn fọ́tò tó bá a lọ. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ pé, Ráṣídì dúró ti mọ́tò." Irọ́ ni? Irọ́ kọ́. Ìyá Ráṣídì fi fọ́tò yẹn kọ́ ara ògiri nílé, ohun tó fi ojú ara ẹ̀ rí níbẹ̀, kò kàn wá.

Ọjọ́ tí kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, Ọ̀gá gbé e yí ká bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò. Ó ní, "Fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ni fíìmù kan ń gbà, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń wòye kó tó tẹ̀ ẹ́. Èyí ò lópin. Nǹkan tí kò lópin, ta ni yóò máa rò ó wò?" Mo ní ká rà á. Ó ní kí n rà á fúnra mi. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé àtẹ̀gùn mọ́, ó ní òun ń lọ sílé ní Ìsẹ́yìn, ó sì fi oníbàárà, iná, agbòòrùn àti abọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Abọ́ wà lọ́dọ̀ mi títí di ìsinsìnyí. Mo ń fi ọ̀kan rẹ ẹ̀wà.

Mo sọ̀kalẹ̀ wá gba ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, níbi tí Themba ti ń dín magwinya ẹ̀, mo ra kọ̀ǹpútà kan. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dé, gbogbo ayé di afọ́tò. Oníbàárà á wọlé, á fi fóònù ya ara ẹ̀ lábẹ́ iná mi lọ́fẹ̀ẹ́, á tún ní iná mi mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo kó ìbọ̀sẹ̀ padà sórí àtẹ. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ò tíì dé. Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́ mídíà, ẹ wá nǹkan kan tà mọ́ ọn.

Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ fóònù ni Píìtà. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, òun ló ń yan fọ́tò ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. A pàdé níbi tí ilé kan ti ń jó. Gbogbo afọ́tò ń ya iná, èmi náà yà á, ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo lọ ń bi àwọn tó jáde níkọ̀ọ̀kan: kí lorúkọ yín, kí lẹ dì mú yẹn? Obìnrin kan ní ìkòkò ọbẹ̀ ni, ó ti ń hó, kò fẹ́ kó jóná. Píìtà ní èèyàn mẹ́jọ ló mú iná wá fún òun, èmi nìkan ló mú ọbẹ̀ wá. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń rà lọ́wọ́ mi, igba rándì, ọ̀ọ́dúnrún rándì. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ẹ má rò pé òun ni ẹni burúkú nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Kò sí ẹni burúkú níbẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro tà.

Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà pé àwọn kan ń bọ̀ wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwa àlejò tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ kọjá bí atẹ́gùn. Lọ́jọ́ yẹn, kò kọjá. Mo ti ilẹ̀kùn irin, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, èmi àti Ìyá Rúkà, aládùúgbò mi tó ń ta wíìgì, sá gun òkè ilé tó kọjú sí wa, sínú yàrá ìkẹ́rùsí ará Ethiopia kan tó ń ta kọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà kù sínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú àwọn èèyàn láti ọdún pípẹ́ ló wà nínú ẹ̀, àti ìgbéyàwó méjì tí n ò tíì fi jíṣẹ́. Ẹ̀dà kejì ò sí níbì kankan.

A dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Wọ́n dé, wọ́n já kọ́kọ́rọ́ mi. Wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀, mo yà á. Wọ́n kó férémù, mo yà á. Ọkùnrin kan dé wíìgì Ìyá Rúkà lórí, ó ń sá lọ, irun obìnrin ń fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Ìyá Rúkà fi ìgúnpá gún mi.

"Ẹ̀rín ló kàn ọ́? Wíìgì olówó iyebíye mi nìyẹn!"

"Ó bá a mu ni."

Ìgbà yẹn ni Themba jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù mi. Épírọ́ọ̀nù ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ìyẹ̀fun kún apá ẹ̀, kọ̀ǹpútà mi wà lórí ẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ibi tí a wà. Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ kí orí mi tó bá a. Lẹ́yìn náà ló yà sí òpópónà, ó kọrí sí ọ̀nà róbọ́ọ̀tì, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe iná tó ń darí ọkọ̀, ó lọ.

"Themba kọ́ nìyẹn?" Ìyá Rúkà dì mí lápá mú. "Themba tí mo gbé ìrẹsì ọdún iléyá fún? Ha! Aládùúgbò!"

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá ti dé, ariwo ti rọlẹ̀, a sọ̀kalẹ̀. Píìtà wá bá mi láàárín gíláàsì tó fọ́. Ó yẹ àwọn fọ́tò inú kámẹ́rà wò níkọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ti Themba.

"Mama," ó ní, "èyí ni ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́la." Ó sọ iye tó máa san: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rándì. Kò san irú ẹ̀ fún mi rí. Mo fi ojú wo inú ṣọ́ọ̀bù. Ó tó owó kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíì ti lò, ìbọ̀sẹ̀ díẹ̀ á sì tún kù nínú ẹ̀.

"Ta ni?" Píìtà bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló ń ṣe?"

Ìyá Rúkà gbà á lẹ́nu mi. "Ó ń jalè! Àbí ijó ló ń jó?"

Mo yí kámẹ́rà padà, bí ẹni tó fẹ́ wo ẹ̀yìn fọ́tò. Kámẹ́rà ìsinsìnyí ò ní ẹ̀yìn tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Mo ní, "N ò tíì mọ ohun tó ń ṣe. Màá lọ béèrè."

Píìtà ní, "Mama, ìwé máa wọ ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Tó bá di ọ̀la, búrẹ́dì àná ni."

"Mo ti gbọ́."

"Kí lo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ olè?" Ìyá Rúkà ń tẹ̀lé mi. "Ṣé wàá ní, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé olè ni yín?"

"Bí mo ṣe fẹ́ béèrè ẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Tí wọ́n bá pa ọ́ lọ́nà ńkọ́?"

"Kí o gba owó fọ́tò lọ́wọ́ Píìtà."

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín, kì í ṣe pé ọkàn mi funfun. Inú ń bí mi sí Themba débi pé mo ti ń tò ó lẹ́nu, èébú wo ni màá kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlú tí mò ń gbé. Ẹni tí wọ́n bá gbé ojú ẹ̀ síwájú ìwé lónìí pé olè ni, ṣé ọlọ́pàá ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni, àbí àwọn ará àdúgbò, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì kọ sábẹ́ ẹ̀ pé ó ń gba ẹrù àlejò là, àwọn tó wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù náà mọ ìwé kà. Ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ fọ́tò, orí odidi èèyàn ló dá lé.

Tákísí ò ṣiṣẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Bertrams, yàrá ẹ̀yìnkùlé kan tí mo mọ̀ pé Themba ń gbé, tí kò jìnnà sí ilé tí Ọ̀gá ti ń fọ fọ́tò. Themba ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí mi, kò sá, kò sì kí mi. Kọ̀ǹpútà mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó títí dé ọrùn bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Mo gbàgbé gbogbo èébú. Mo jókòó. Mo sọ ọ́ ní èdè tí àwa méjèèjì ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá, Zulu díẹ̀, gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Mo ní, "Themba, mo ya fọ́tò ẹ. Wọ́n fẹ́ rà á. Wọ́n ní kí lò ń ṣe."

Ó jókòó sórí àpótí.

"Mama, ṣé òótọ́ ni ẹ fẹ́ gbọ́?"

"Mo fẹsẹ̀ rìn wá."

"Gbogbo wọn ń gbé nǹkan. Èmi náà gbé nǹkan. Nígbà tí mo dé róbọ́ọ̀tì kìíní, olè ni mí. Mo ti ń ro iye tí wọ́n máa rà á. Nígbà tí mo dé róbọ́ọ̀tì kejì, mò ń bá yín tọ́jú ẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín róbọ́ọ̀tì méjèèjì?"

"Eish, Mama." Ó fọwọ́ pa ọrùn ẹ̀. "Ó wúwo."

Mo wò ó. Ó wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n ò lè dúró, òun náà bẹ̀rẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ẹni tó bá ya fọ́tò wa lójú ẹsẹ̀ náà á kọ ohun tó wù ú sí ẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ojú ẹ̀ yí padà.

"Ẹ ti tà á?"

"Rárá."

"Ìyá mi máa ń ka ìwé yẹn," ó ní.

Iwájú ẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti pe Píìtà.

"Mama, ẹ ti rí i? Olè ni àbí ọ̀rẹ́?"

"Ní róbọ́ọ̀tì kìíní, olè. Ní ìkejì, ọ̀rẹ́."

"Níbo lẹ ti yà á?"

"Kó tó dé róbọ́ọ̀tì kankan."

"Mama, ìlà kan péré ni mo ní lábẹ́ fọ́tò náà."

"Ó ti pọ̀ jù. Kọ ọ́ pé, Themba gbé kọ̀ǹpútà."

Píìtà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ìyọṣùtì. "Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo máa pè é lólè. Àwọn tó bá wo fọ́tò náà ló máa pè é bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Tí mo bá wá kọ ọ̀rẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á jó ilé tó ń gbé."

Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí fọ́tò nìyẹn."

"Kò sí fọ́tò."

"Mama, owó náà ń lọ o."

"Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀."

Fọ́tò ilé ìtajà tó ń jó ní àdúgbò míì ni wọ́n gbé síwájú ìwé lọ́jọ́ kejì. Iná náà dára, mo gbà. Themba gbé kọ̀ǹpútà padà wá lọ́sàn-án gangan, lórí ẹ̀, ó gba iwájú ọlọ́pàá méjì kọjá. Kò sí ẹni tó yà á. Ohun tó dára kì í sábà rí afọ́tò. Mo fi ìgbéyàwó méjèèjì jíṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ìyá Rúkà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìsinmi ńlá ni fún àwa méjèèjì. Nígbà tí mo fi fóònù ròyìn fún Ọ̀gá ní Ìsẹ́yìn, mo retí kó yìn mí. Ó ní, "Ṣé o kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀?"

Mo tẹ ẹ̀dà kan, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀, ó wà lábẹ́ àpótí aṣọ mi. Ẹ má wá a.

Lónìí, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, fóònù yín ti gba iyókù. Ẹ̀yin náà ti ń fi ojú olójú ṣòwò, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ ó ya èèyàn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹ ti yá a ní ẹnu. Ọmọbìnrin tó bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn tún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó ní, "Mummy, so how much did you lose?" Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó rò ó, ó làágùn, ó sọ ọ́. Mo wá sọ fún un pé màá kọ iye rẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bù mọ́ ọn lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ tí mo tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, Themba wé magwinya mẹ́rin sínú bébà, ó gbé e ka orí tábìlì mi, kò gbowó. Rándì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn. Mo jẹ mẹ́ta, mo fún Ìyá Rúkà ní ìkan, ó sì gbà á. Nítorí náà, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rándì ni mo pàdánù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, irínwó àti méjìléláàdọ́rùn-ún rándì ni.